Ọ̀fun Ló Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Ìlọrin ni Hàwáwù, opó tó ń rán fìlà ní àdúgbò Kabala Doki lókè Ọya. Ní ọdún 1962, Jemilat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣàdédé yí padà. Á sunkún láìnídìí, á rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń fò fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ́, wàláà kéwú ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "Mahaukaciya!" tẹ̀lé e. Wèrè ni wọ́n ń pè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Rájí, ẹ̀gbọ́n ọkọ Hàwáwù, wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ṣẹkẹṣẹkẹ.

"Ìyàwó, ọkọ̀ Ìlọrin ń gbéra lọ́la. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń so irú wọn mọ́lẹ̀ títí orí wọn á fi pé."

Hàwáwù kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ló kúnlẹ̀ dí. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bó bá ti sùn, ọwọ́ yẹn kì í fò mọ́. Ẹ fún mi di àárọ̀."

"Àárọ̀ nìkan."

Wọn ò tíì dé ìkángun àdúgbò tí Hàwáwù fi pọn ọmọ rẹ̀, ó di ọsibítù. Dókítà Bádéjọ ní kí Jemilat di ìka òun mú. Ọmọ náà ń fún un, ó ń tú u sílẹ̀, bí ẹni ń fún wàrà màlúù.

"Ìyá, ṣé ọ̀fun dùn ún láìpẹ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà ọyẹ́. Itọ́ gan-an kò ṣeé gbé mì."

"Ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àrùn jà. A fura pé nígbà tí wọ́n ja ti ọ̀fun tán, wọ́n ṣi ọpọlọ rẹ̀ mú fún ọ̀tá. Kò tíì dá wa lójú tán, àmọ́ àìsàn náà máa ń lọ."

Láàárọ̀, Rájí bá wọn ní ọsibítù, ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Dókítà ṣàlàyé, kò gbà.

"Bó bá pa ara rẹ̀ ńkọ́? Ta ni ìdílé máa bi?"

"Èmi ni kí wọ́n bi," ni Hàwáwù wí. Kò kúnlẹ̀ mọ́.

Rájí yí padà, ó gbé ṣẹkẹṣẹkẹ rẹ̀ lọ.

Àìsàn náà burú sí i kó tó san. Jemilat bu ìyá rẹ̀ jẹ lápá, ó ju abọ́ ẹ̀kọ lu nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sẹ̀ keje ni ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀, ó rí ojú eyín lápá ìyá rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló bù ú jẹ.

"Ajá ni," ni Hàwáwù dá a lóhùn.