Bí A Ṣe Gbé Fẹ́mi Wálé láti Okokomaiko

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Dáre awakọ̀ fi kúrò ní Ìjerò. Okùn, tapólì, káńfọ̀ páálí méjì àti aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, nítorí òkú la fẹ́ lọ gbé. Màrìwò ọ̀pẹ tútù sì wà lábẹ́ ìjókòó, èyí tí Dáre fẹ́ so mọ́ iwájú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá rí wa lè mọ ohun tí a gbé. Àbúrò mi Fẹ́mi ló kú sí London lẹ́yìn tó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí àbúrò wa obìnrin, Bọ́sẹ̀, kọ sí mi ní ó ti sùn nínú Olúwa. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó fi òmíràn rán awakọ̀ kan sí mi: "Bọ̀dá Fẹ́mi ti dé. Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi ní Okokomaiko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá gbé wọn."

Nígbà tí mo kà á fún ìyá wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Kí n tó jáde nílé, wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán. Àwọn kan ládùúgbò tilẹ̀ ti ń retí pósí òyìnbó, wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń dán bíi dígí.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé apá ibẹ̀ yẹn rí. A gba Àkúrẹ́, a gba Oǹdó, a sì jẹun ní Ọ̀rẹ. Ìrẹsì àti ẹran ìgbẹ́ ẹyọ méjì jẹ́ náírà mẹ́rin, owó tí yóò bọ́ gbogbo ilé lọ́dọ̀ wa. Oòrùn ti wà lókè orí nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí a dé ìtòsí Àlàbá, páálí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ga ju ènìyàn lọ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn alábàárù sì ń fi orí ru fìríìjì kọjá láàrin ọkọ̀ bí ẹni ru igbá ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyànà Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń yà sí yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìyànà níbẹ̀ ni a ń pè ní oríta nílé. Alùpùpù ló kún ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọ̀kadà, ó ń gbé ènìyàn bí ọkọ̀. Ní Okokomaiko, tí gbogbo ọkọ̀ ti ń yí padà, Dáre fi ìbínú fọn fèrè fún obìnrin kan tó pàtẹ igbá ata sójú títì gan-an. Obìnrin náà wò ó, ó sì ń bá ata rẹ̀ lọ.

Irú ilé tí Bọ́sẹ̀ ń gbé ni wọ́n ń pè ní fésì-mí-àì-fésì-yú, ìyẹn ni pé yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là wọ́n láàrin. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mọ́ṣúárì wo ni wọ́n gbé e sí?" mo bi í. "Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó yẹ ká lọ wò ó."

Bọ́sẹ̀ gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. "Bọ̀dá, wọ́n wà lókè yẹn."

"Àwọn wo?"

"Bọ̀dá Fẹ́mi."

Àpótí aṣọ méjì ni mo rí níbẹ̀, àti páálí abọ́ tí kì í lò àyàfi ní Kérésìmesì. Ó gun àga, ó gbé nǹkan kan tó fi ìró àdìrẹ rẹ̀ wé sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì. Ike aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni, tó ní ìdérí, kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára, orúkọ àbúrò mi sì wà lórí rẹ̀ ní kíkún.

"Wọ́n sun wọ́n ni, Bọ̀dá," ó wí, ó sì bú sẹ́kún. "Mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo gbé bírò, mo gbé e sílẹ̀."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo sì ti nà nítorí àmì ohùn. Èmi náà ni mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń yí ọ̀rọ̀ méjì yẹn po lórí ahọ́n. Ó sùn. Wọ́n sun ún. Ìyẹn ni a fi ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, èyí ni a fi ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún olè tí wọ́n bá mú lọ́jà. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n. Inú bí mi. Mo bínú sí ìyàwó òyìnbó tí àbúrò mi fẹ́, mo bínú sí London, mo sì bínú sí Fẹ́mi fúnra rẹ̀ tó lọ kú síbẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ka lẹ́tà tí ìyàwó náà fi bá ike wá fún mi. Ó ní níbi tí wọ́n ti sun baba òun àti ìyá òun ni wọ́n ti sun Fẹ́mi. Kirimetóríọ̀mù ni wọ́n ń pe ilé náà, ó ní ọgbà òdòdó, wọ́n sì kọrin ìsìn níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun pé kò dára. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé òun ò bu nínú eérú rẹ̀ o, bó tilẹ̀ wu òun, nítorí Fẹ́mi máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ìyá ni òun yóò sùn sí. Gbogbo rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ìbínú mi sí i lọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Dáre ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà náà. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ṣé òkú la fẹ́ gbé ni àbí ẹrù? Nítorí màrìwò yẹn ni mo ṣe ń béèrè."

Mo ní kó jẹ́ kí màrìwò náà ṣì wà lábẹ́ ìjókòó.

Nírọ̀lẹ́, Bọ́sẹ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ rẹ̀ ní Ìbà, ọkùnrin Oǹdó kan tó tún ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn nígbà tí a dé. Mo sọ tẹnu mi láìdúró. Mo ní èmi tí mò ń ran àlùfáà wa lọ́wọ́ létí sàréè láti ogún ọdún, àjíǹde ara ni mo gbàgbọ́. Ara wo ni yóò wá jíǹde nínú ike?

Ó fún mi lọ́sàn. "Tíṣà, bàbá yín ńkọ́, ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀?"

"Ọgbọ̀n ọdún, sà."

"Tí ẹ bá gbẹ́ ibẹ̀ lónìí, kí lẹ máa bá?"

"Erùpẹ̀, sà," mo wí.

"Ohun tí ilẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, iná fi wákàtí méjì ṣe é, òun náà nìyẹn. Àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n dáná sun ńkọ́? Àwọn tó rì sókun ńkọ́? Ẹni tó máa jí bàbá yín, ṣé ti Fẹ́mi ló máa wá le fún un? Ẹ̀yin náà sì máa ń dárúkọ eérú létí sàréè. Kí lẹ rò pé ẹ̀ ń sọ láti ọjọ́ yìí?"

Òótọ́ ni. Mo máa ń pe ilẹ̀, mo máa ń pe eérú, mo máa ń pe erùpẹ̀, tí màá sì da yẹ̀pẹ̀ lé pósí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí mo rò pé eérú yẹn lè jẹ́ eérú.

Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kí wọ́n sin èmi sílẹ̀ ni. Ẹ̀rù iná ń bà mí."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fúyẹ́ nípa ti Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ti Ìyá ló kù. Ìyá ò kàwé. Iná àti òkú, olè nìkan ni ó mọ̀ ọ́n mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ike?

Dáre ló rí ọ̀nà, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan lẹ́yìn ọjà Ìbà, a ra pósí gígùn ní igba náírà. Dáre bu yanrìn sápò méjì, ó tẹ́ ẹ sínú pósí kí àwọn tó máa gbé e má baà fura. A fi aṣọ funfun wé ike, a gbé e sáàrin yanrìn, a sì kan pósí náà pa. "Ó ti di òkú wàyí," Dáre wí, ó sì so màrìwò rẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀.

Bọ́sẹ̀ ti ń bẹ̀rù kí onílé má lé òun jáde bó bá gbọ́. Alhaji ni, ọmọ Àwórì, arúgbó tó jẹ́jẹ́. Ó bọ́ síta pẹ̀lú kẹ́tùrù ìṣàlùwàlá lọ́wọ́, ó wo pósí, ó wo Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ní ti ẹ̀sìn tiwa, a kì í fi iná kan òkú," ó wí. "Ṣùgbọ́n àlejò wà nínú ilé mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bọ́sẹ̀, o ò sì jẹ́ kí n kí i?" Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ kan pósí náà. Ó sìn wá dé ẹ̀bá títì, ó ń ṣàdúrà fún wa lọ.

Ìfọwọ́kàn yẹn ni kò jẹ́ kí n fara balẹ̀. Nígbà tí a dé Ìyànà Ìbà, mo ní kí Dáre dúró. A tú ìdérí, mo gbé Fẹ́mi jáde kúrò nínú yanrìn, mo gbé e lé itan mi níwájú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí màrìwò ni wọ́n ti ń yà fún wa. Ọlọ́pàá kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde ṣí fìlà, ó kí yanrìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú tì mí.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí a wọ Ìjerò. Ẹkún sọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sáré gbé pósí. Wọ́n ti ti Ìyá mọ́ yàrá, nítorí nílẹ̀ wa ìyá kì í dé etí sàréè ọmọ rẹ̀. Mo fi agbádá bo ike, mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo rò pé màá kàn kí i ni, kí n sì jáde.

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?" ó bi mí. "Ṣé kò bàjẹ́?"

Mo ti pèsè irọ́ kan sílẹ̀ láti Ọ̀rẹ. Kò jáde. Mo ní, "Wọ́n sun ún, Ìyá."

Etí rẹ̀ ti wúwo. Ó mi orí. "Ó sùn, àbí? Ó sùn. Mo mọ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́, àmì ohùn ló gbà mí. Ṣùgbọ́n ó ń wojú mi bó ṣe máa ń wojú mi nígbà tí mo bá jí ẹran nínú ìkòkò.

"Rárá, Ìyá. Iná ni. Wọ́n fi iná sun ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn èèyàn wọn níbẹ̀. Wọn ò fi ṣe ìyà fún un o. Yanrìn ló wà nínú pósí. Òun nìyí."

Ó pẹ́ kí ó tó na ọwọ́. Ó gbà á, ó gbé e lé itan, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ òsì. Mo dúró de igbe. Ohùn rẹ̀ jáde jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bó ṣe wúwo lọ́jọ́ tí mo bí i náà nìyí," ó wí. "Ká ní òkú lẹ gbé wá, ẹ̀ bá tì mí mọ́ ibí, mi ò bá tí fọwọ́ kàn án."

Ó gbé e mọ́ra títí wọ́n fi wá kanlẹ̀kùn. Mo sọ òótọ́ fún gbogbo ará ilé, a sì sin ín lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa láìsí pósí. Àlùfáà wa kò jiyàn, ó ní kí èmi sọ ọ̀rọ̀ etí sàréè. Nígbà tí mo kan eérú, mo dúró kí n tó lè máa bá a lọ.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí bóyá Kristẹni lè gbà kí wọ́n sun òkú òun. Sísin ni èmi fẹ́ ní tèmi. Pósí Ìbà wà ní àjà mi, mo sì ti dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ wò, ó gbà mí. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ dá ẹni tó ṣe òmíràn lẹ́bi mọ́, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó sì ní, "Rọra di orí rẹ̀ mú o. Ọrùn rẹ̀ ò tíì le."