Oyin Tí Mo Fi Kun Imú Lónìí

Mo ti kó sí wàhálà nítorí imú mi.

Wọ́n ní oyin ń fa kóró dúdú orí imú jáde. Mo kùn ún láàárọ̀ yìí, mo jókòó síta ládùúgbò wa ní Borokiri, ní Pọ́tákọ́ọ̀tù níbí, kó lè gbẹ. Mo gbàgbé eérú dúdú tó máa ń já bọ́ láti òkè nílùú yìí, látinú èéfín àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì ní bòńkẹ́lẹ́. Gbogbo ẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi nímú.

Ni àbúrò ìyá ọkọ mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lánàá bá pàtẹ́wọ́:
"Ìyàwó wa, ó mà ń jáde."
Mo ní, "Eérú ni, mà."
"Eérú báwo? Ta ló dáná?"

Wọ́n ti fi ìyókù oyin kun gbogbo ojú báyìí, wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní tàwọn máa dúdú ju tèmi lọ, torí àwọn dàgbà jù mí lọ.

Ẹ̀yin ará Pọ́tákọ́ọ̀tù, ta ló máa bá mi sọ fún wọn?