Ìkíni Ẹni Tí Kò Rí Wa

Pọ̀nmọ́ gbígbẹ ni ọ̀gá mi obìnrin ń tà ní Oko Ọba. Nígbà tí ìpè àwọn oníbàárà pọ̀ ju agbára àwa méjèèjì lọ, ó ní kí n wá ẹni tí yóò máa dá wọn lóhùn láti ilé tirẹ̀. Ó ń kánjú, torí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì lè lọ wò ó láìsí ẹni tí yóò dúró ti fóònù.

Ọmọbìnrin kan tó ń wá iṣẹ́ náà pè wá lọ́sàn-án láti Ìlọrin. Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba kí ọ̀gá mi lè gbọ́.

"Ẹ kú ooru o," ló kọ́kọ́ wí.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, fáànù ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀ kó tó dúró. Mo rò ó pé ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mo rọra dìde lọ ṣí fèrèsé.

"Ẹ kú ìdúró."

"Bóyá ó gbọ́ ìró àga," ni mo sọ sí ọ̀gá mi létí.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ akọ̀wé yìí! Ẹni tó mọ èèyàn kí báyìí, o ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ayédèrú owó. Ọmọ mi, a ti gbà ọ́. Mo lè lọ wo ìyá mi báyìí."

Ọmọ náà dáhùn:

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ta ló kú?" ni ọ̀gá mi bi í.

Kò tíì dáhùn tí fóònù ọ̀gá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́.  Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i.