Lẹ́tà Mẹ́ta tí Kò Ní Àmì

Ọgbọ̀n ọdún ni Jacob fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó di onítakisí láàrin Ayédé àti Ọ̀yẹ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì sì ti jẹ etí rẹ̀ bí ikán ti í jẹ ìdí òpó. Ní gáréèjì, wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Jacob, a ní uná ń jó ọ, o ní a kú uṣẹ́." Òun náà a rẹ́rìn-ín, nítorí pé ètè wọn ni ó fi ń mọ ohun tí wọ́n wí.

Florence, aya rẹ̀, nìkan ni kì í pariwo mọ́ ọn. Olùkọ́ ni obìnrin náà. A máa wá síwájú ọkọ rẹ̀, a gbé ọwọ́ lé e léjìká, a sì rọra sọ̀rọ̀ kí ó lè ka ẹnu òun. Nínú ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò la orúkọ mọ́ ọn lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ìyàwó kì í pe olówó orí rẹ̀ lórúkọ. "Ọkọ" ni ó ń pè é.

Ní òpin ọdún 2008, nígbà tí àìsàn dá Florence dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní Ìdó, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ó ní kí Olúdayọ̀, ọmọ wọn tí ń gbé Ìbàdàn, fi fóònù náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú bàbá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jacob gbé e sétí. Kò gbọ́ ju ohun tí ń kùn bí ẹ̀fọn lọ. Ó gbé e sí etí kejì. Ẹ̀fọn náà ni. Fóònù kò sì ní ètè tí a lè kà. Adéwùnmí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní kí òun bá a gbọ́ ọ, kí òun sì tún un sọ. Jacob kọ̀. Ọdún kan ni ó fi gbé ohùn aya rẹ̀ sápò, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí ó gbé kèrègbè omi tí kò lẹ́nu.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Olúdayọ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan fún un. Rédíò inú rẹ̀ lè gba ohùn inú fóònù láìsí okùn, kí ó sì tú u jáde kíkankíkan tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Jacob jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Fóònù àti rédíò kò mọ ara wọn. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Èsì dé, bí a ti í kọ ọ́ lórí fóònù, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀:

"Baba, foonu yen si ranti oko ti maami n ba lo si sukuulu. E wa oruko oko naa, e pa a re. E wa pa foonu, ke e tun tan an."

Lóòótọ́, ọkọ̀ olùkọ́ kan ni Florence ń bá lọ sí iléèwé, orin inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbọ́ lọ. Jacob wọ awò ojú rẹ̀. Ó tú inú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ó fi kan OKO. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú. Ó dá a lójú. Ó pa á rẹ́.

Nígbà tí ó tún fóònù tàn, rédíò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orin ìsìn kún inú ọkọ̀, Jacob sì gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ketekete. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn aya rẹ̀. Orin ni ó bá, orin, orin. Ó tún kọ̀wé, ó béèrè orúkọ tí ìyá Olúdayọ̀ fún ohùn náà.

"OKO ni won pe e, Baba. Se e ti gbo o?"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti Florence kò tilẹ̀ ní èèpo tí a ó ṣà.

Adéwùnmí ti gbọ́ orin láti ilé ìdáná. Ó wá dúró ti fèrèsé ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ìyàwó wa wí?"

Jacob ka ẹnu rẹ̀ yékéyéké.

"N kò gbọ́," ni ó wí.

Adéwùnmí rò pé ìbéèrè òun ni kò gbọ́. Ó fẹnu sí i létí, ó sì tún un bi í sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.