Ẹ̀rọ Tí Mo Ṣe fún Ọwọ́ Òsì

Òórùn páálí tuntun ni mo fi ń rántí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Coppell, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe láàárín àwọn tó ń di ẹrù. N kò lọ sí ilé ìwé kankan fún iṣẹ́ náà. Fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi kọ́ ọ, mo sì gbà pé kò sí ọlọ́gbọ́n mìíràn ní gbogbo Dallas. Àwọn àgbà ní ọmọ ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àmì ara páálí níbẹ̀ gbà pé wọ́n dọ́gba: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló mọ̀. Èmi wá ṣe èyí tí ènìyàn lè dè mọ́ apá tó bá wù ú. Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeé sún lọ sí ibi tí àtàǹpàkò bá lè dé, bí ènìyàn bá sì ka páálí tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò gbọ̀n rìrì lára awọ.

Màmá kan nínú ìjọ wa, tí àwọn náà ń di ẹrù níbẹ̀, ni mo ṣe é fún. Làkúrègbé ti mú kí ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn le gbagidi, ọ̀gá sì ti sọ pé bí wọn kò bá lè dá nìkan kó ẹrù kún ọkọ̀ kan, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ẹ̀rọ náà.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ rí fín?"

"Mà, páálí ni. Kò ní bínú."

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá ká apá mọ́ àyà, ó dúró tì wọ́n. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn lápá. Páálí ń wọlé, ọkọ̀ ń kún, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń gbéyàwó. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó tóbi jù. Màmá gbá a mọ́ àyà, wọ́n ń bá a lọ jẹ́jẹ́. Ìgbà náà ni ọmọ Ìbàdàn kan tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń ṣòfin, padà dé.

"Háà! Màmá! Èmi wà láyé, ẹ wá ń gbẹ́rù? Wọn á ní wọn ò kọ́ mi nílé!"

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ Màmá ti gbé e fún un kí ọkàn wọn tó rántí òfin.

"Ó parí," ni ọ̀gá wí.

Mo pariwo pé kò wúwo fún wọn rárá, pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bí kò bá wúwo, kí ló dé tó fi gbé e fún un?"

Ó fúnra rẹ̀ tú ẹ̀rọ náà kúrò lápá Màmá, ó dè é mọ́ tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, òun fẹ́ ẹ fún gbogbo àwọn tó kù. Ọmọ Ìbàdàn náà kò tíì mọ ohun tó ṣe. Ó dúró, ó ń retí àdúrà. Màmá sì ṣe é fún un.

"O ṣé, ọmọ mi. Ìwọ náà á rí ẹni gbé e fún ọ."

Títí di òní, bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, bí mo bá ti kí wọn tán, wọn á ní, "Ẹ̀rọ wa ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé ó wà dáadáa, mà, pé ó ti wà lápá gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọn á ní kí Olúwa máa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò sí àdúrà tó nira fún mi láti ṣe àmín sí tó èyí.