Ta Ló Wẹ Ọmọ Náà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ ní Ìlọ́fà, kì í da àjákù aṣọ nù. Agbọ̀n mẹ́ta ló ń kó o sí. Bó bá fẹ́ rán ọ̀já ìpọnmọ, á mú ọ̀kan nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan láìwo àwọ̀ rẹ̀, á gé e, á rán wọn pọ̀. Kò sí ọ̀já rẹ̀ méjì tó jọra. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bá fi pọ̀n kò lè sọnù lọ́jà láé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí, obìnrin, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tí àìsàn fi mú un. Ikọ́ lọ, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀, ará Ìsọlọ́-Ọ̀pìn, béèrè ọ̀rọ̀ kan péré: "Ta ló wẹ ọmọ yìí nígbà tí wọ́n bí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó padà sílé, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ọmọ náà mọ́.

Èmi tí mo ń kọ́ni ní bàyọ́lọ́jì ni mo bá ìyá ọmọ lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ní Ìlọrin. Bí mo ṣe dé, ọ̀dọ̀ aránṣọ mi ni mo kọ́kọ́ yà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún agbọ̀n yín wá."

"Tíṣà, o ti di aránṣọ ni?"

"Ẹ jẹ́ n rán nǹkan fún yín. Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà. Àìsàn pọ̀ ju èyí tí ara lè múra sílẹ̀ dè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àjákù ni jíìnì, ìyẹn àṣẹ ara tí a jogún lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà wọn. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan á gé díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, á so ó pọ̀. Lójú ìsopọ̀ pàápàá, á fi ẹ̀là kékeré kún un, bí ẹ ṣe ń ṣe bí aṣọ ò bá kárí. Bí àìsàn tí a ò rí rí bá dé, a máa ń rí ọ̀kan nínú wọn tó bá a mu."

"Èyí tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ń dà á nù. Wọn ò láhun bíi tiyín."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Àjákù wà lára rẹ̀. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé e ni kò ní, ni kò fi ní ọmọ ogun tó lè jà fún un. Inú oyún ló ti rí bẹ́ẹ̀, kí omi yín tó kàn án."

Ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kì í ṣe omi?"

"Kì í ṣe omi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń jáde, ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bí bá tirẹ̀ mu. Bó bá bá a mu, á rí ọmọ ogun tó mọ̀ ọ́n gé gbà. Kò tíì dájú o." Mi ò lè parọ́ fún un.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti rán ọ̀já tuntun, ó sè é, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

"Panu mọ́."

Nílé ìwòsàn ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n dá ọmọ náà dúró sí, nọ́ọ̀sì ní ká fọ ọwọ́ wa dé ìgúnpá, ká má bàa kó àìsàn ràn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi fọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó fi ọ̀já tuntun náà wé e. Ọmọ náà na ọwọ́, ó di imú ìyá àgbà rẹ̀ mú.

"Wò ó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, "ó mọ ẹni tó wẹ òun."