Ṣáláńgá Onítáyà Mẹ́rin

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé mo ta ilẹ̀ ra ṣáláńgá. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ló ti sọ ọ́, lójú ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Libreville, tòun ti ẹran lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń pín omi dáwọ́ dúró kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Mi ò bá a jiyàn, torí òótọ́ ló sọ. Mo ta ilẹ̀ mi tó wà ní Akanda, mo fi ra mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní kàǹpín-kàà. Ó ní yàrá, ó ní síńkì àti ìdáná onígáàsì, ó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ nínú. Tuntun ni mo sì rà.

Ìyá mi ni mo rà á fún. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló fi tọ́ wa dàgbà nílùú yìí, ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Ẹni tó bá mọ àìsàn yẹn á mọ̀ pé kì í jẹ́ kéèyàn jìnnà sílé ìtọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ń gbé ní Lambarene. Àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti dá ìyẹn jókòó sójú kan, kò lè wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá mi náà ò sì lè lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó gbìyànjú kẹ́yìn. Nínú takisí tó ń lọ sọ́nà jíjìn ni, wọ́n há a mọ́ àárín ọkùnrin méjì, awakọ̀ ní òun ò ní dúró. Ìyá mi tọ̀ sára. Kò sẹ́ni tó bú u. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn kàn rọra ṣí fèrèsé. Fèrèsé yẹn ló dùn ún jù, kò sì bá wọn lọ sí ìrìn àjò kankan mọ́. Orí fóònù lòun àti àbúrò rẹ̀ ti ń kí ara wọn látìgbà náà, bó bá sì ti ní òun ń bọ̀, àbúrò á ní, "Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó sílé."

Inú máa ń bí mi. Arúgbó méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n sì ń dàgbà lọ, tí wọn ò lè ríra nítorí ìtọ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ara mọ́tò ní Oloumi, ní kí n ra tòkúnbọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀, tòkúnbọ̀ ni. Bó bá ṣeé ṣe, á fẹ́ ìyàwó tòkúnbọ̀. Mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, mo mú ìyá mi lọ wo ọ̀kan. Ìyá mi ò wo táyà, kò wo ẹ́ńjìnnì. Ó lọ tààrà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà títí.

"Ta ló ti lò ó?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọkùnrin tó ń tà á ní tọkọtaya òyìnbó kan ni, èèyàn mímọ́ tónítóní ni wọ́n.

"Bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn."

Mo bi í. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń wo òrùlé mọ́tò bí ẹni tí wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀ fún. Ìyá mi jáde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù. "Mi ò ní fi ìdí mi lé ibi tí ìdí ẹni tí mi ò mọ̀ ti gbé. Bó bá jẹ́ tuntun, màá bá ẹ lọ." Bí ilẹ̀ mi ṣe lọ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ àǹfààní mọ́tò tuntun fún yín, torí àwọn tó ń tà á kì í sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Mọ́tò tuntun kì í ní òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíì. Ẹ ò ní bá irun onírun níbi tí omi ń gbà jáde nínú balùwẹ̀ rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lọ pariwo lé lórí, ó sì níláti fún yín ní àga kẹ́ ẹ fi jókòó pariwo. Ẹni tó ra tòkúnbọ̀, Ọlọ́run nìkan ló lè fẹjọ́ sùn, Ọlọ́run ò sì rántí pé òun tà á fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹbí tí kì í kí yín á rántí yín. Ní ọ́fíìsì mi ní Plaine Orety, obìnrin kan tí kò dá mi lóhùn rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní àǹtí. Àǹfààní ńlá ni gbogbo ìyẹn.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé a ó ṣe àdúà sí i. Àbí, Yorùbá wo ló ra mọ́tò tuntun tí kò ní ṣàdúà sí i? Àfáà dé láàárọ̀ Sunday, àwọn ará ilé dé, ọ̀pọ̀ ló bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọnú rẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Àfáà jókòó síbẹ̀, ó kéwú gígùn, a ṣe àmín títí ohùn wa fi há. A jẹ mọ́sà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tirẹ̀ méjì, ó tún ní ṣáláńgá ni.

Nígbà tó tó àkókò láti lọ sí Lambarene, ìyá mi jókòó síwájú pẹ̀lú mi, inú rẹ̀ ń dùn. A ò tíì dé Kango tó fi ní kí n dúró. Mo dúró, mo nawọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Màámi, ẹ máa wọlé."

Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. "Ibi tí Àfáà ti kéwú? Kí n lọ tọ̀ síbẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ sínú koríko tútù, mo sì níláti sáré tẹ̀ lé e, kí n na ìró bò ó. Ọkọ̀ agbégẹdú ń kọjá, wọ́n ń fun fèrè fún wa, ẹrẹ̀ ta sí mi lára dé ọrùn. Mo ta ilẹ̀, mo ra ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní fáànù, mo sì dúró sínú ẹrẹ̀ tí mo ń na ìró! Inú bí mi débi pé mo pe Àfáà lórí fóònù lójú rẹ̀. Àfáà ní ilé tí èèyàn ń gbé, inú rẹ̀ ló ti ń kírun, inú rẹ̀ náà ló ti ń tọ̀, kò sí aburú níbẹ̀.

"Ilé ló sọ," ìyá mi wí. "Kò dárúkọ mọ́tò."

Báyìí la ṣe lọ. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń na ìró, ó ń gòkè. Kí a tó débẹ̀, mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

Àbúrò rẹ̀ wà lórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí wa ló bú sẹ́kún, mo rò pé ayọ̀ ni. Ìyá mi ń yára lọ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyẹn na ọwọ́ kan tó ṣì dára, ó fi dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sún mọ́ mi. Mo ti tọ̀ sára." Ó wolẹ̀. "Bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má wá nìyẹn."

Ìyá mi dúró. Ó wo àga, ó wo aṣọ tó tutù, ó wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀.

"Ìwọ náà?" ló wí.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ takisí yẹn fún un, pátápátá, bẹ́ẹ̀ èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ̀rín fi mú un, ó mú àbúrò rẹ̀ náà, àwọn méjèèjì ń lu ara wọn lẹ́jìká, omijé ń dà lójú wọn. Èmi náà ń sunkún. Mò ń ro gbogbo ọdún tí ojú fi ń ti àwọn méjèèjì síra wọn, tí ohun kan náà ń ṣe wọ́n.

Èmi àti ìyá mi gbé àbúrò rẹ̀ wọnú mọ́tò. Omi gbígbóná wà níbẹ̀, a wẹ̀ ẹ́, a pààrọ̀ aṣọ fún un, a gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín tí ìyá mi ti ń rín kò wá jẹ́ kó lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́. Ó wo ìta, ó wo ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn. Ó ní "Bìsìmílà," ó wọlé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí.

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan tó dára yẹn lu ara mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe kíá o. Tèmi náà tún ti dé."

"Dúró," ìyá mi dá a lóhùn láti inú lọ́hùn-ún. "Ta ni ẹ̀gbọ́n?"